Kóòtù Àtijọ́ Ọ̀nà Ìgándò

"Sọ̀kalẹ̀! Mo ní kó o sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ yẹn!"

Tàjùdíìnì káfíńtà wo ìsàlẹ̀ láti orí òrùlé. Ó ti yọ páànù díẹ̀, ó sì ń fi òòlù wú ìṣó òmíràn lọ́wọ́. Ó mọ obìnrin tó ń pariwo náà. Mọ̀dínátù ni, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ní nítorí pé ẹní àti apẹ̀rẹ̀ ló ń tà lọ́jà Ìkọ̀tún. Ó ti sáré débẹ̀, ìborùn rẹ̀ ti já bọ́ sí èjìká.

"Ìyá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Bàbá Sàlàkọ́ ló ní ká wó o."

"Sàlàkọ́ àbúrò mi?"

"Àwọn náà ni, mà. Wọ́n ní kí kọngílá tó máa kọ́ ilé tuntun tó dé, kí òrùlé ti ṣí tán."

Mọ̀dínátù gun àtẹ̀gùn iwájú, ó ti ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé. Nígbà tí Tàjùdíìnì yọjú láti ihò tó ti dá sí òrùlé, ó rí ìyá náà tó ti jókòó sórí pèpéle tí àwọn adájọ́ máa ń jókòó sí láyé ọjọ́un.

"Ìyá, páànù lè já lù yín o!"

"Kó já lù mí. Ìwọ ṣáà máa bá iṣẹ́ rẹ lọ."

Tàjùdíìnì kò jẹ́ bá iṣẹ́ náà lọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bá tọ́ dáadáa kì í ṣí òrùlé lé àgbàlagbà lórí. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó forí lé ilé Sàlàkọ́.

Ilé kóòtù àtijọ́ náà kò tóbi. Gbọ̀ngàn kan ni, pẹ̀lú yàrá kékeré lẹ́yìn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ó nípọn débi pé ooru ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Ìjọba òyìnbó ló gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ bàbá Mọ̀dínátù, wọ́n kọ́ kóòtù ìbílẹ̀ sí i, kí àwọn ará Ìkọ̀tún àti Ìgándò má baà máa rìn jìnnà nítorí ẹjọ́. Nígbà tí kóòtù kó lọ sí ilé tuntun, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ẹbí, Sàlàkọ́ sì ni olórí ẹbí.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, owó Údọ́jì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Owó epo rọ̀bì ń ṣàn, katakata ń la ọ̀nà tuntun gba Ìyànà Ìpájà kọjá, lọ́ọ̀rì sìmẹ́ǹtì kò sì sinmi. Ilé amọ̀ ti di ohun ìtìjú. Gbogbo ẹni tó bá ní ilẹ̀ létí títì ló fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Kò pẹ́ tí Sàlàkọ́ fi dé nínú ọkọ̀ Píjò Gbóyèga kọngílá, Tàjùdíìnì ń fi kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé wọn. Ọ̀dọ́ ni Gbóyèga, ó wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà. Sàlàkọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Ẹ má jẹ́ kí ayé máa wò wá."

"Ìwọ ni kó o wọlé wá bá mi."

"Mi ò wọlé."

Gbóyèga rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ẹ máa gbádùn ẹ̀ ni. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gidi, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀. Ẹ̀yin náà á ní ọ̀kan tí ẹ ó máa ta ẹní yín sí. Kí lẹ fẹ́ fi ilé amọ̀ ṣe? Ayé ti là, jàre."

"Ọmọ mi, mi ò bá ọ jà. Àbúrò mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?" Ohùn Sàlàkọ́ ti ń le. "Àwọn ọmọ mi ti dàgbà, yàrá méjì ni gbogbo wa há sí. Ṣé kí n wá máa wo ilé òfìfo lójú títì ni? Àti pé ẹ̀yin gan-an mọ ohun tí ojú wa rí níbí. Ibí yìí ni wọ́n ti de Bàbá lókùn nítorí owó orí. Ìta yìí ni mo dúró sí, tí akódà ń tì í lọ bí olè. Ikọ́ ló mú bọ̀ láti ẹ̀wọ̀n, ikọ́ yẹn ló sì pa á. Bí mo bá ń kọjá níbí, ẹ̀gbẹ́ kejì ni mo máa ń wò. Inú mi á dùn bó bá di ilẹ̀ lónìí."

Gbóyèga wo bàtà rẹ̀.

"Mo mọ̀," ni Mọ̀dínátù wí. "Ṣebí èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ fún un lẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n ibí yìí náà ni mo ti kọ Ràímì ọkọ mi."

Sàlàkọ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ilé ló mọ ọ̀rọ̀ náà, wọn kàn kì í sọ ọ́ ni.

"Kékeré ni ọ́ nígbà náà. Lẹ́yìn ikú Bàbá, gbogbo ìgbà tí mo bá sá wálé, tí ojú mi wú, àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá á tún sìn mí padà sọ́dọ̀ ọkọ. Ọjọ́ tí mo pè é lẹ́jọ́ wá síbí, mo di igi ọgbà ẹlẹ́jọ́ yẹn mú. Àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá ti ń gbẹnu sọ fún mi. Àgbà adájọ́ ní kí wọ́n dákẹ́. Ó wò mí, ó ní, 'Ìwọ obìnrin yìí, kí ni ìwọ fẹ́?' Sàlàkọ́, mo ti bímọ, mo ti sìnkú ọmọ nígbà náà, kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

"Kí lẹ wá sọ?" Tàjùdíìnì ló bèèrè, ó ti gbàgbé pé káfíńtà lòun.

"Mo ní mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Wọ́n sì tú wa ká."

"Àwọn kan náà tó fi Bàbá sẹ́wọ̀n," ni Sàlàkọ́ wí.

"Orí pèpéle kan náà. Ṣé mo ní wọ́n dára ni? Ibi ni o, ire ni o, ibí ló ti ṣẹlẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù bá bo ojú ibí, ta ni yóò gbà pé wọ́n de ọkùnrin bíi Bàbá lókùn nítorí owó orí? Wọ́n á ní irọ́ là ń pa. Òyìnbó ti lọ, kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé yìí nìkan ni ẹlẹ́rìí tó kù fún wa."

"Màmá, ẹlẹ́rìí kì í gba ọmọ lọ́wọ́ òjò," ni Gbóyèga wí.

"Òótọ́ ni." Mọ̀dínátù kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Ilẹ̀ tí Bàbá fún mi wà lẹ́yìn níbẹ̀, èyí tí mo gbin ẹ̀gẹ́ sí. Gbà á. Kọ́ ilé àwọn ọmọ rẹ síbẹ̀. Mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Èyí nìkan ni kó o fi sílẹ̀."

"Oko ẹ̀gẹ́ yín? Kí lẹ ó wá máa jẹ?"

"Mò ń ta ẹní. Ebi ò ní pa mí."

Gbóyèga mi orí. "Ilẹ̀ ẹ̀yìn ò kan títì o. Ta ni yóò yá ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀? Bàbá Sàlàkọ́, iṣẹ́ ń dúró dè mí níbòmíràn. Ẹ fún mi lésì." Ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Sàlàkọ́ bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹrí ba, ó wọlé.

"Ibo ni Bàbá dúró sí?"

Mọ̀dínátù na ọwọ́ sí ọgbà igi kékeré tí ẹlẹ́jọ́ máa ń dúró sí. Sàlàkọ́ lọ síbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé igi náà, níbi tí òógùn ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ ọ́ di dúdú, tó sì ń dán. Gbóyèga fọn fèrè ọkọ̀ níta. Ó tún fọn ọ́n. Sàlàkọ́ kò yíjú.

Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Kọngílá, máa lọ. Bí o bá fẹ́ bá wa kọ́ ti ẹ̀yìn, padà wá. Bí o ò bá fẹ́, màá wá ẹlòmíràn. Tàjù, dá páànù yẹn padà kí òjò tó dé."

Píjò náà fa eruku lọ. Tàjùdíìnì gun orí òrùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ìṣó.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Sàlàkọ́ wí, "ẹ wá sílé lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Ẹ wá sọ ọ̀rọ̀ Bàbá fún àwọn ọmọ. Mi ò sọ fún wọn rí."

Mọ̀dínátù dìde lórí pèpéle, ó gbọn eruku ìró rẹ̀ nù.

"Mi ò ní wá sílé o. Kó wọn wá síbí."