Ẹrù Tí Mùstàfá Dì Lé Ọjọ́ Lórí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara ti ògiri, mo kí yín o. Ẹni tó bá ń bó ẹ̀gúsí, kó máa bó o lọ. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kì í di etí. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí kì í ṣe ti ìjàpá, kì í sì í ṣe ti ọba. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó di ẹrù lé ọjọ́ kan lórí, tí ẹrù náà sì wó lu òun fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ikú ò pa ńkọ́, tó jẹ́ pé ẹ̀sín náà ló kù fún un láti máa bá gbé?

Mùstàfá ni orúkọ rẹ̀. Télọ̀ ni ní Èjìgbò níbí, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà gáréèjì. Bùbá àti ṣòkòtò tó ń rán kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ ló sọ ọ́ di olókìkí. Ìwé ni. Láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé-ìwé ló ti ń fi pẹ́ńsù kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù rẹ̀: ọmọ tí wọ́n bí, ilé tí òjò wó, ìjọba tó yí padà. Ẹ sì mọ ìlú wa, ìlú tí Abijáàn jẹ́ ilé kejì fún. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ìrìnnà, wọn á bi í léèrè ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀ á ní, "Ìgbà tí à ń ya àgbàdo ni mo bí i, àárọ̀ ọjọ́ tí ilé Baba Oníṣu jó." Mùstàfá á ṣí ìwé, á wo inú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, á ní, "Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Ògọ́ọ̀sì nìyẹn, ìyá." Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Aṣọ́jọ́.

Ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn jù ni kí nǹkan méjì bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, á ní, "Ẹ ò rí i? Ọjọ́ kìíní oṣù Òkítóbà la gba òmìnira. Ọdún mẹ́ta kọjá, ọjọ́ yẹn gan-an la yọ ọbabìnrin òyìnbó kúrò lórí ara wa. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Jánúárì, ológun kọ́kọ́ gbàjọba. Ọdún mẹ́rin kọjá, ọjọ́ yẹn gan-an ni ogun Biáfúrà parí." Àwọn tó jókòó á mi orí. Èyí tí kò bá gbọ́ rí á pariwo.

Ó wá di ọdún 1975. Láàárọ̀ ọjọ́ Tùsìdeè kan, rédíò ní àwọn ológun ti yọ ológun tó wà lórí oyè. Mùstàfá fò dìde bí ẹni tí ìkamùdù ta. Ó na ìwé rẹ̀ sókè. "Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Júláì! Ẹ wá wò ó! Ọjọ́ yìí náà ni wọ́n dìtẹ̀, tí wọ́n mú olórí ìjọba n'Ìbàdàn ní 1966, tí wọ́n sì pa á!" Kí oòrùn tó dé àtàrí, iwájú ṣọ́ọ̀bù ti kún dẹ́múdẹ́mú. Ìyìn gun ọkùnrin náà. Ẹni tí kò fi ẹnu kan ẹmu rí, ó wá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́.

Ẹnìkan wá bi í pé, "Aṣọ́jọ́, kí ló tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti gbé gun ẹṣin, ìtìjú ni láti sọ pé òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ó pọ̀. Ẹ padà wá lọ́la."

Nígbà tí èrò túká, ó ṣí ìwé. Ìjì ká òrùlé àwọn ará Ìsúndúnrìn ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Iná jó àká àwọn ará Màsífà ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Ọkọ̀ akẹ́rù dojú dé lọ́nà ìlú Ará ní ọjọ́ kejì oṣù Ògọ́ọ̀sì. Ọ̀tọ̀ ni ọdún kálukú. Ó mú rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa nǹkan rẹ́. Ó pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́, ó fẹ́ ẹ̀gbin rẹ̀ dànù, ó sì kó gbogbo wọn jọ sí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, ta ló máa jókòó kà á?

Lọ́jọ́ kejì, ó sọ wọ́n fún àwọn tó padà wá. Kò sẹ́ni tó kà á. Wọ́n gbà á gbọ́. Kí ọdún tó yípo, àwọn èèyàn ti ń bẹ̀rù ọjọ́ náà bí ẹni ń bẹ̀rù ajá dìgbòlugi. Wọ́n ní ọjọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ni. Mùstàfá nìkan ló mọ̀ pé ọwọ́ òun ni ẹ̀jẹ̀ tó kù ti wá.

Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé nígbà náà, Ìyá Àṣàbí. Ọmọkùnrin méjì ló bí: Mùstàfá, àti àbúrò rẹ̀ Sàlámì, tó lọ sí Abijáàn láti ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn tí kò sì padà wálé rí. Ní oṣù Júláì 1976 yìí, àìsàn ti dá Ìyá dùbúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀: "Sàlámì ti dé ibo?" Sàlámì sì ti kọ̀wé pé òun ti ń bọ̀ lọ́nà.

Lọ́jọ́ Tùsìdeè, Ràmọ́nù tó ń wa mọ́tò Ìbàdàn dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì.

"Aṣọ́jọ́, ẹ káàsán o! Iṣẹ́ àbúrò yín ni mo jẹ́. Sàlámì ti wà n'Ìbàdàn láti àná! Ó ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ lòun máa wọlé, kí ẹ sọ fún Ìyá."

Inú Mùstàfá dùn, ó ti la ẹnu láti dúpẹ́. Àdìsá mẹkáníìkì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-kéwú, ló jókòó lórí bẹ́ńṣì tó ń ka ìka.

"Ọjọ́bọ̀? Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lòní... Yéè! Ọ̀rẹ́ mi, ọjọ́ rẹ mà nìyẹn!" Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ onígírísì na itan. "Àbí ọjọ́ náà mọ ọmọ ìyá Aṣọ́jọ́ yàtọ̀ ni? Ará Màsífà nìkan ló máa ń bá jà?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín lásán ni, ẹ̀rín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ó wọ Mùstàfá lára bí abẹ́rẹ́. Ó rí i lójú ara rẹ̀ bí Sàlámì ṣe máa wọ̀lú lọ́jọ́ náà láìfarapa, tí ẹrù máa kún orí mọ́tò, tí gbogbo ìlú á ní, "Ọjọ́ ọ̀hún dà?" Bí wọ́n bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, wọn ò ní mọ níwọ̀n.

Ó ní, "Sọ fún un kó má wọlé lọ́jọ́ náà. Sátidé ni kó wá."

Ràmọ́nù họ orí. "Ìyá ńkọ́? Sàlámì ní kí n bi yín dáadáa, ṣé ara wọn le?"

"Ara Ìyá le."

Ẹyin lohùn. Mọ́tò ti lọ, eruku ọ̀nà ti rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu Mùstàfá bí egungun ẹja.

Nígbà tí Bàrákátù ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó gbé igbá ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá Sìdíkàt, ṣíbí ẹ̀kọ kan ni Ìyá mu látàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ sí gáréèjì, kí n ránṣẹ́ mìíràn."

"Ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́?"

"Kíka ọjọ́ kọ́ ni mò ń wí. Ìyá ni mò ń wí."

Ó jágbe mọ́ ọn. Ẹni tó jẹ̀bi ni í jágbe. Lọ́jọ́rú, ẹ̀ẹ̀mejì ló dìde láti lọ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Nígbà àkọ́kọ́, àwọn ará Ará pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọ́n bi í bóyá àwọn lè gbé ìyàwó lọ́jọ́ kejì. Ojú ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń wò ó. Ó ní kí wọ́n sún un síwájú, ó sì bá ọ̀nà tó gbà wá padà. Nígbà kejì, kò dé ẹnu ọ̀nà tó fi jókòó.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ìyá di ọrùn ọwọ́ Mùstàfá mú.

"Mọ́tò kan dúró níta. Lọ wò ó."

Ó lọ wò ó. Igi ìdáná ló kó. Ó padà wọlé. "Òun kọ́, Ìyá. Sátidé ló ń bọ̀."

Ìyá la ojú. "Ta ló sọ fún un pé màá wà ní Sátidé?"

Kí wọ́n tó pe ìrun àìlà, Ìyá Àṣàbí ti dákẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí, wọn kò fi òkú sílẹ̀. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, ilẹ̀ sì ti bò ó kí àlàásárì tó dé.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó burú ju ikú náà lọ. Ibi ìsìnkú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. "Aṣọ́jọ́! O mà sọ ọ́! Ọjọ́ burúkú ni lóòótọ́!" Àdìsá ṣí fìlà, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, dárí jì mí, mo fi ọ̀rọ̀ rẹ ṣẹ̀fẹ̀. Ọlọ́run á máa fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ rẹ." Mùstàfá gbọ́ ọ, ó sì ṣe àmín. Àmín tó ṣe yẹn, ó ní títí di ọjọ́ ogbó òun, òun ò jẹ ohun tó korò tó bẹ́ẹ̀ rí.

Sàlámì dé ní Sátidé. Ẹrù kún orí mọ́tò. Aṣọ tó rà bọ̀ fún Ìyá ló dì mọ́ àyà, kò jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí mọ́tò pẹ̀lú ìyókù. Nígbà tó rí àwọn obìnrin tí wọ́n ká ọwọ́ lérí, kò sẹ́ni tó sọ fún un, ó ti mọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Ilé kún fún fìdáù. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe àdúà tán, Bàbá Àlíù tó jẹ́ olórí agboolé dìde, ó ní láti òní lọ, kò sí ọmọ agboolé náà tó gbọ́dọ̀ ṣe ohun kan lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Júláì: wọn ò ní gbéyàwó, wọn ò ní sọmọ lórúkọ, wọn ò ní rìnrìn àjò. Wọ́n ṣe àmín.

Sàlámì wá sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ pàdọ́ọ̀n mi, Yorùbá mi ti ń ta kókó díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ká ní wọn ò dá mi dúró n'Ìbàdàn, òkú méjì lẹ ò bá sin." Ó bọ́ sí àárín agbo, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Mùstàfá, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Mùstàfá wo ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ nílẹ̀.

"Dìde, Sàlámì. Má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Kò sí nǹkan kan nínú ọjọ́ náà. Èmi ni mo kó nǹkan sí i."

Bàbá Àlíù ní, "Mùstàfá, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe ọ́. Jókòó."

"Kì í ṣe ọ̀fọ̀, bàbá. Èyí tí àwọn ológun ṣe lẹ́ẹ̀mejèèjì, òótọ́ ni. Ìyókù, irọ́ mi ni. Ìjì Ìsúndúnrìn, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni. Iná Màsífà, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n ni. Ọkọ̀ ọ̀nà Ará, oṣù mìíràn ni pàápàá. Mo pa wọ́n rẹ́ kí ẹ lè máa pè mí ní Aṣọ́jọ́."

Obìnrin ará Ìsúndúnrìn kan sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Mo mọ̀. Orí mi ni òrùlé náà wó lé. Mo kàn rò pé èmi ni mo gbàgbé ni."

Mùstàfá ò dúró. "Àdìsá fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ẹ̀rù bà mí kí àṣírí má tú. Mo ní kí Sàlámì dúró. Mo sì mọ̀ pé Ìyá ń lọ. Mo mọ̀."

Sàlámì ti dìde, erùpẹ̀ wà láyà bùbá rẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Ìyá béèrè mi?"

"Ó béèrè rẹ. Ó gbọ́ mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó rò pé ìwọ ni."

Sàlámì mú ojú kúrò lára rẹ̀. "N kò ní ṣépè fún yín. Ìyá kan ló bí wa. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé níbo ni Sàlámì wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ẹ̀yin ni kí ẹ dá a lóhùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa rò pé ọmọ burúkú ni mí."

Kò jẹun nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Kí ààwẹ̀ tó wọlé, ó ti padà sí Abijáàn.

Wọn ò lé Mùstàfá kúrò láwùjọ. Ì bá rọrùn fún un bí wọ́n bá lé e. Wọ́n ń mú aṣọ wá fún un láti rán, wọ́n ń kí i, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìkan ni wọ́n fi ń pè é. Bí àlejò kan bá sì fẹnu kan Ìyá Àṣàbí, bó bá béèrè ọmọ rẹ̀ tó wà ní Abijáàn, Mùstàfá á gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀, á gbójú sílẹ̀, á sì ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ní yọ rọ́bà sílẹ̀, kò ní yọ mọ́tò igi ìdáná sílẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹni tó béèrè á ti máa wá ọ̀nà àtilọ. Kò ní tíì dákẹ́.

Bàrákátù ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ìyá mi, níbi tí àwọn méjèèjì ti jọ ń yan gààrí. Ìyá mi ló sọ ọ́ fún èmi.