Sinimá Tí Felix Gbé Bọ̀ Láti Èkó

Felix ti lọ sí Èkó kí àwọn ará Ìdànrè tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Nígbà tó padà dé, ilé bàbá rẹ̀ lókè ti ń wó, gbogbo ẹbí ti wà ní Odòde, ọmọdé ló sì bi léèrè ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Ẹrù tó gbé bọ̀ kò pọ̀: ẹ̀rọ sinimá kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, àti agolo pẹrẹsẹ kan tí fíìmù wà nínú rẹ̀.

Ilé sinimá kan ló ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Òun ló ń yí ẹ̀rọ. Benedict, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kúrò ní Ìdànrè, ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Láyé ìgbà náà, àwọn èèyàn inú sinimá kì í sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan ló máa ń jókòó nísàlẹ̀ aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀, tí yóò máa tẹ dùùrù. Bí ẹṣin bá ń sáré, dùùrù náà á sáré. Bí ìyàwó bá ń sunkún, á máa fà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Fíìmù kan wà tí Benedict fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Bí wọ́n bá ti dé ibì kan nínú rẹ̀, á fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, á sáré wọlé, á rẹ́rìn-ín títí fìlà á fi bọ́ lórí rẹ̀. Bó ti wù kó rí i tó, ẹ̀rín náà kò dín.

Ibà ló pa Benedict. Èkó ni wọ́n sin ín sí, torí kò sí ẹni tó lè gbé òkú dé Ìdànrè nígbà yẹn. Kò pẹ́ sí i ni sinimá tó ń sọ̀rọ̀ dé. Ẹni tó ni ilé sinimá náà ra ẹ̀rọ tuntun, ó ní bó bá wu Felix, kó máa gbé èyí àtijọ́ lọ. Felix gbé e. Ó mú fíìmù tó ń pa Benedict lẹ́rìn-ín mọ́ ọn, ó wọ mọ́tò, ó di ilé.

Ọwọ́ ló ń yí ẹ̀rọ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gílóòbù inú rẹ̀ kò lè tàn láìsí iná mànàmáná, kò sì sí irú rẹ̀ ní Ìdànrè. Felix bá gbé agolo fíìmù sí àjà ilé ìdáná, níbi tí èéfín ti ń lé ikán, bí a ti í gbé àgbàdo irúgbìn sí i. Kò ṣí i wò rí. Ẹ̀rù ń bà á pé atẹ́gùn lè bà á jẹ́. Ó fẹ́ Moríyọ̀, ó gbin kòkó sí ọ̀nà Aládé, ó bímọ. Ṣùgbọ́n bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í kúrò lórí sinimá. Ó ń kọ orin dùùrù náà lábẹ́ igi kòkó, ó ń sọ bí ọkùnrin inú fíìmù ṣe gun ẹṣin wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Baba Sinimá làwọn èèyàn ń pè é, yẹ̀yẹ́ sì pọ̀ nínú bí wọ́n ti ń pè é.

Ẹnì kan tí kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni Ọmọ́yẹlé, ẹ̀gbọ́n Benedict lóbìnrin. Kò rí òkú àbúrò rẹ̀, kò rí sàréè rẹ̀, kò sì ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Ọ̀rọ̀ ẹnu Felix ló kù fún un.

Ní 1956, nígbà tí àrùn ń ba kòkó jẹ́, ìjọba rán mọ́tò sinimá wá láti fi han àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fín oògùn. Àjàgbé, ọmọ Ọ̀yọ́ kan, ló ń wa mọ́tò náà, òun náà ló ń bójú tó ẹ̀rọ inú rẹ̀. Láti àárọ̀ ni sípíkà orí mọ́tò ti ń kọ orin kan ṣoṣo káàkiri Odòde. Felix lọ bá a ní pápá ilé ìwé.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Jẹnẹrétọ̀ yín yìí, ṣé ó lè tan iná fún ẹ̀rọ tèmi náà?"

"Ẹ̀rọ kí ni, Baba?"

"Sinimá. Mo ní tèmi nílé."

Àjàgbé kọ́kọ́ rò pé ẹmu ló ń pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tó tẹ̀ lé e délé, tó rí ẹ̀rọ náà tí Felix ti fi epo nù títí tó fi ń dán, ó mirí. "Ó pẹ́ tí mo ti rí irú eléyìí gbẹ̀yìn. Ẹ gbé e wá ní ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá fi ti kòkó hàn wọ́n tán, màá fa wáyà iná fún yín."

Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ Ọmọ́yẹlé kó tó di ọ̀sán. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sílé Felix, bẹ́ẹ̀ orúnkún kì í jẹ́ kó jáde mọ́.

"Felix, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Màá rí Benedict?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Benedict kò sí nínú àwòrán náà. Ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín ló wà níbẹ̀."

"Ìyẹn náà tó," ni Ọmọ́yẹlé wí. "Ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, kó pa èmi náà lẹ́rìn-ín."

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, pápá kún fọ́fọ́. Sinimá kòkó parí. Felix gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé orí tábìlì, Moríyọ̀ gbé agolo lé e lọ́wọ́. Ìdérí rẹ̀ ti dípẹtà, ọ̀bẹ ni Àjàgbé fi yẹ̀ ẹ́. Òórùn kíkan kan ta sí wọn nímú.

Felix tọwọ́ bọ̀ ọ́. Fíìmù náà ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ó ti di ìṣù kan. Etí rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú tó ń dà sílẹ̀. Ó fà á, èyí tí kò gùn ju ìka lọ já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbé e sókè síbi iná. Kò sí ẹṣin, kò sí ọkùnrin, kò sí nǹkan kan.

"Ibo lẹ gbé e sí, Baba?" ni Àjàgbé rọra bi í.

"Àjà."

"Òkè iná ìdáná?"

Felix mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àjàgbé rọra dé agolo náà padà; ooru iná ti jẹ fíìmù náà tán.

Ariwo ti ń sọ láàárín èrò. Felix dìde, ó lọ dúró níwájú aṣọ funfun, ìmọ́lẹ̀ mọ́tò ń lù ú lójú. "Ẹ jókòó! Màá sọ ọ́ fún yín. Mo mọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó sáré bí ẹṣin, ó sunkún bí ìyàwó. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà àwọn géńdé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ibi ẹ̀rín. Ẹnì kan kígbe pé, "Baba, àwa ti rí sinimá tó ń sọ̀rọ̀ l'Ákùúrẹ́ o!" Ẹlòmíràn ní kí wọ́n tún gbé ti kòkó sí i. Kí ó má bàa di ìjà, Àjàgbé tan ẹ̀rọ tirẹ̀. Àwòrán ewé kòkó yọ lára dàńṣíkí Felix kó tó kúrò lójú aṣọ.

Ó lọ jókòó ti Ọmọ́yẹlé lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

"Máa sọ ọ́," ni ìyá náà wí. "Èmi ń gbọ́. Ibo ni Benedict ti máa ń rẹ́rìn-ín?"

"Ibi tí ẹṣin ti mu omi nínú fìlà àlùfáà."

Ọmọ́yẹlé yíjú sí i. "Ní èṣí, o ní ewúrẹ́ ló jẹ òdòdó ọwọ́ ìyàwó."

Ṣé ewúrẹ́ ni? Àbí ẹṣin? Felix ń rí méjèèjì kedere, kò sì mọ èyí tó fojú rí l'Ékòó àti èyí tí òun fúnra rẹ̀ bù mọ́ ọn láti ọdún wọ̀nyí wá.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ orin rẹ̀," ó ní. "Bí mo bá ti kọ orin náà, á padà wá."

Ó pajú dé, ó ń kọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ti kọ ọ́ dé àárín kó tó mọ̀ pé orin tí sípíkà mọ́tò ń kọ láti àárọ̀ ni. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Orin mọ́tò yẹn náà ni.

Ọmọ́yẹlé gbọ́wọ́ lé e léjìká. "Ó tó, ọmọ ìyá mi. Fi í sílẹ̀."

Moríyọ̀ rò pé bí ilẹ̀ bá mọ́, ara ọkọ òun á balẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, oṣù yí, Felix kò sọ ọ̀rọ̀ sinimá mọ́. Bí wọ́n bá pè é ní Baba Sinimá, á wojú wọn bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Ó gbé ẹ̀rọ náà fún alágbẹ̀dẹ pé kó fi irin rẹ̀ rọ ohun tó bá wù ú. Nínú oko, aya rẹ̀ a máa dẹtí, bóyá yóò tún kọrin lábẹ́ igi kòkó. Ẹyẹ ló ń gbọ́.

Nígbà ọyẹ́, Ọmọ́yẹlé dùbúlẹ̀ àìsàn. Felix lọ kí i, ó jókòó ti ẹní rẹ̀. Ìyá náà kò bèèrè sinimá. Ó kàn ní, "Felix, ẹ̀rín rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó máa ń rín in sókè ni?"

Felix wá ẹ̀rín náà nínú ara rẹ̀, kò gbọ́ ohunkóhun. "Sókè ni, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, torí ó rò pé ìyẹn ni yóò tù ú nínú. "Gbogbo ilé sinimá ló ń gbọ́ ọ."

Ọmọ́yẹlé wo àjà ilé.

"Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, kì í rín in sókè," ó ní. "Ṣe ló máa ń fọwọ́ bo ẹnu."

Nígbà tí Moríyọ̀, tó wá ń tọ́jú ìyá náà, gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé, Felix dìde, ó mú àdá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gba ọ̀nà Aládé lọ. Kòkó ti pọ́n, wọn kò tíì ká a.