Ọkọ̀ Tó Wà Lábẹ́ Ìbòrí

Tíṣà ò tíì gbé báàgì rẹ̀ wọlé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ìbòrí ọkọ̀.

"Ẹ wọlé ná," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà, téèpù ìránṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ wá kí Màmá."

"Mò ń bọ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ṣì wà láyé."

Ọkọ̀ náà ń mu epo, ó sì tún ń jẹ iná. Ara ògiri ni wọ́n ti ń ṣáàjì rẹ̀ bíi fóònù. Nítorí Màmá, ìyá tó bí i lọ́mọ, ni ó ṣe rà á, kí ìyá àgbà yé wọ takisí lọ síbi tí wọ́n ti ń bá a wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí ilé-ìwé wá ní kí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i nílùú mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, torí ìta gbangba ni ọkọ̀ ń sùn. Ó kàwé lórí rẹ̀, ó bi àwọn tó mọ̀. Ó fi iná sílẹ̀ ní ìdajì nínú bátìrì ńlá, nítorí wọ́n ní kíkún dẹ́nu ò dáa, gbígbẹ táútáú náà ò dáa. Ó fẹ́ táyà. Ó tú wáyà bátìrì kékeré, èyí tó ń jí ọkọ̀, kí ó má bàa kú. Ìyàwó rẹ̀ béèrè nígbà náà pé bí àwọn bá nílò ọkọ̀ ńkọ́.

"Takisí pọ̀ nígboro," ni Tíṣà fi dá a lóhùn. Bẹ́ẹ̀ obìnrin náà mọ ọkọ̀ wà dáadáa. Ẹ̀rù kí ó má lọ fi ha ògiri ló ń ba ọkọ rẹ̀.

Ní báyìí, Tíṣà gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì kékeré wà, ó fi sípánà de wáyà padà, ó bọ́ síwájú, ó tẹ bọ́tìnnì. Iná tàn yòò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bátìrì ńlá ṣì wà ní ìdajì bó ṣe fi í sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

"Ó jí," ni ó wí. "Mo sọ fún ọ. Ohun téèyàn bá tọ́jú kì í bàjẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó wo iná náà pẹ́. "Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn?"

"Kí ló rọrùn?"

"Màmá ṣubú ní bálùwẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ lọ. Ẹnu wọn yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò gbéra. Òjò ń rọ̀, kò sí takisí tó dúró. Mo fi kọ́kọ́rọ́ kejì ṣí ọkọ̀ yìí, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò dá mi lóhùn. Onígbàjámọ̀ iwájú ilé ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò rí ohun tí wọ́n tú níbẹ̀. Mo pè yín, fóònù yín wà ní pípa."

"Mo wà ní kíláàsì ni."

"Mo mọ̀. Dókítà ní ká ní a tètè dé ni, ọwọ́ yẹn ì bá má kú."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

"Màmá ló ní ká jẹ́ kẹ́ ẹ parí ẹ̀kọ́ yín." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti sọ fún wọn pé ọkọ̀ bàjẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ṣùgbọ́n Tíṣà ò mọ̀ pé ó ń wúwo tó báyìí. Ó ti ro ti eku, ó ti ro ti oòrùn àti òjò. Kò ro ti ìyá rẹ̀ mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ì bá fi gbé ìjókòó yẹn sókè lójú ìyàwó rẹ̀, kó ní, "Wò ó, ibí ni."

Ó pa ọkọ̀, ó wọlé. Màmá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí bí ohun tí àlejò gbàgbé síbẹ̀.

"Káàbọ̀, ọmọ mi." Ahọ́n rẹ̀ wúwo. "Wọ́n ní ọkọ̀ ẹ bàjẹ́. Pẹ̀lẹ́."

Ìyàwó Tíṣà ń mi orí sí i láti ẹnu ọ̀nà pé kó dákẹ́. Bó bá dákẹ́ lóòótọ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ tí kò gbéra náà mú.

"Kò bàjẹ́, Màmá. Èmi ni mo tú wáyà rẹ̀ kí n tó lọ, mi ò sì fi han ẹnikẹ́ni. Mò ń tọ́jú rẹ̀ ni."

Màmá wò ó títí. Kò bínú, ì bá tiẹ̀ sàn kó bínú.

"Ta lo wá ń tọ́jú ẹ̀ dè?"