Àyọ̀kẹ́ Kò Dìde Lórí Kànga

"Ẹ dìde, ìyá!" Láoyè wolé-wolé fi ẹsẹ̀ gbá ìdérí kànga. Àyọ̀kẹ́, ìyàwó mi, kò mira. Orí ìdérí náà ló jókòó sí.

"Ṣé o fẹ́ gbá èmi náà ni?"

Ọdún 1954 ni. Ìgbẹ́ gbuuru ń yọ àwọn ọmọ agboolé wa lẹ́nu, ìjọba sì ní kí wọ́n da oògùn sí gbogbo kànga tó wà nítòsí Enuwa, àdúgbò wa. Ìyẹ̀fun funfun ni, ó kún agolo kan lọ́wọ́ Láoyè. Òórùn rẹ̀ ń ta mí nímú.

Aláró ni Àyọ̀kẹ́. Ó fẹ́ pa aṣọ ìgbéyàwó Fúnlọ́lá, ọmọ wa, láró. Ẹ̀lú inú ìkòkò ti gbó, ó ku kí ó bu omi kànga yìí sí i. Ó ti rí ohun tí oògùn náà ṣe fún ìkòkò Àmínátù, aláró ẹgbẹ́ rẹ̀ ní agboolé kejì. Aró náà kú, kò mú aṣọ mọ́.

Láoyè rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, bí ẹ bá yọ aṣọ nínú aró, ṣebí àwọ̀ ewé ló máa ń ní? Ọ́síjìn inú atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di dúdú. Iṣẹ́ tó jọ ọ́ ni oògùn yìí ń ṣe, àmọ́ tirẹ̀ le. Ó ń jó kòkòrò inú omi."

"Ó sì ń jó aró mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ṣeun tí o kò purọ́. N ò dìde."

"N ó pe akódà kóòtù."

"Pè é. Kí ó gbé àga tirẹ̀ dání."

Bí ó ti lọ ni Àyọ̀kẹ́ fò dìde. "Ẹ gbé garawa!" Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi kò pọ̀. Gbogbo obìnrin agboolé fa omi. Èmi náà fà. Ìkòkò kún, àmù kún. Ó ní kí wọ́n se ti mímu kí ọmọdé kankan tó fẹnu kàn án.

Láoyè àti akódà dé.

"Mo ti dìde," ni Àyọ̀kẹ́ wí. "Ẹ dà á."

Láoyè bẹjú wo inú kànga. "Omi dà?"

"Ó wà nílé mi. Bí òmíràn bá sun, padà wá. N ò ní jókòó."

Akódà bú sẹ́rìn-ín. Láoyè dé agolo rẹ̀, ó lọ.

Aró náà kò kú. Aṣọ Fúnlọ́lá jáde ní àwọ̀ ewé, ó sì dúdú lójú wa lórí okùn.

Ohun tó kù nínú kànga lọ́jọ́ náà ni ẹrẹ̀, àti garawa kan tí okùn rẹ̀ já.