Iye Tí Wọ́n Ra Ilé Ìsinmi

Ọjọ́ tí alága káńsù pe ará ìlú jọ láti ròyìn iṣẹ́ tó ti ṣe, ìròyìn náà gùn, iṣẹ́ ló kúrú. Ẹ má bi wá léèrè káńsù wo ni. Ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìyẹn náà tó; àwa náà ní ṣọ́ọ̀bù tí a ò fẹ́ kí wọ́n tì pa. Alága ní òun ti gbẹ́ kànga kan, òun ti kun ògiri ọfíìsì òun lọ́dà, òun sì ti ra ilé kan sí ìlú Ọ̀yọ́ ní orúkọ gbogbo ará ìlú.

"Ilé ìsinmi ni," ó ní. "Bí àwa aṣojú yín bá ń lọ sí Ìbàdàn lórí ọ̀ràn yín, ó yẹ ká rí ibi tí a ó ti fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lọ́nà."

Àwọn ènìyàn wo ara wọn lójú. Ẹni tó bá ra àgbàdo sísun ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó wọ mọ́tò, bóyá ni yóò tíì sọ kùùkù rẹ̀ nù kó tó dé Ọ̀yọ́. Àwọn tó ń kó iṣu láti Ìkòyí-Ilé wá sí ọjà Takie ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn kò ní ilé ìsinmi, a ò sì tíì gbọ́ pé àpò ìwé alága wúwo ju iṣu lọ. Síbẹ̀ wọ́n pàtẹ́wọ́, nítorí mínírà tútù ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà fún ẹni tó bá jókòó dé ìparí.

Marufat, ìyá Anas, nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Aránṣọ ni ní Takie, aṣọ iléèwé ló sì ń rán jù. Bí obìnrin yìí bá fẹ́ ra òwú kan ṣoṣo, yóò béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta kó tó tú etí aṣọ rẹ̀. Ó nawọ́ sókè, ó dìde.

"Alága, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Elóo lẹ ra ilé náà?"

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ìbéèrè tó dára gan-an ni, ó ní irú rẹ̀ ni òun máa ń fẹ́ láti gbọ́. Ó ní iye náà wà nínú fáìlì, fáìlì wà ní ọfíìsì, ọfíìsì sì wà ní títì nítorí pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló wá sí ìpàdé. Ó ní kí wọ́n gbàdúrà ìparí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́jọ kò tíì lù tí ọkọ̀ káńsù fi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Marufat. Wọ́n fi téèpù wọn sáìnbọ́ọ̀dù rẹ̀ ní gígùn, wọ́n wọ̀n ọ́n ní ìbú, wọ́n ní ó ti ju owó tó ń san lórí rẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀dù tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá, àfi bí ẹni pé òjò ń mú un dàgbà! Marufat ní òun yóò san ìyàtọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kò ṣeé san, rìsíìtì tuntun kò tíì dé láti ilé ìtẹ̀wé. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kó aṣọ àwọn ọmọ jáde. Wọ́n ní ohun tó bá ti wà lábẹ́ òfin ti wà lábẹ́ òfin. Wọ́n fi àgádágodo ńlá kan ti ilẹ̀kùn, wọ́n lẹ bébà pupa mọ́ ọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Aṣọ iléèwé mẹ́tàlélógún ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn ìyá ọmọ ti san owó wọn pé, iléèwé yóò sì wọlé ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Aránṣọ tó bá já ọmọ kulẹ̀ ní ọjọ́ ìwọlé, kó má retí ìyá ọmọ náà mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò gbé aṣọ rẹ̀ lọ, yóò sì máa ròyìn rẹ̀ kiri ọjà. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni Marufat rí tó fẹ́ dàwátì níṣojú rẹ̀, ó sì dùn ún dé ọkàn.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ, Philip Akínpẹ̀lú wá bá a nílé. Òun ni ọ̀gá tó ń bójú tó dúkìá káńsù. Díákónì ni ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni jẹ́jẹ́ lójú, ohùn rẹ̀ a sì máa rọra jáde bí ti ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀.

"Ìyá Anas, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló gbé mi wá."

"Ẹ káàbọ̀, Díákónì. Ṣé rìsíìtì ti dé ni?"

"Kì í ṣe ti rìsíìtì, mà. Ẹ mọ ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kékeré yẹn, tí màmá àgbàlagbà kan ń gbé ibẹ̀?"

"Ilé bàbá mi nìyẹn. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà. Àwa la rà á."

Díákónì bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Israfil, àbúrò Marufat, ló ta ilé náà fún káńsù. Ó fọwọ́ sí ìwé pé òun nìkan ṣoṣo ni bàbá òun bí. Lọ́yà káńsù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wádìí tó rí i pé ilé ẹbí ni, pé bí Marufat tó jẹ́ àgbà ọmọ kò bá fọwọ́ sí i, títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ọ́dítọ̀ sì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó fa bébà kan yọ, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ kan jáde, ó gbé e lé orí bébà náà.

"Ẹ fọwọ́ síbí, mà, kí ẹ máa lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù yín."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọwọ́ Marufat ti kan bíírò. Aṣọ mẹ́tàlélógún kì í ṣe eré. Ilé tí òun kò sùn nínú rẹ̀ láti ìgbà tí òun ti lọ ilé ọkọ, kí lòun fẹ́ fi ṣe? Ṣùgbọ́n ojú aránṣọ kì í fo ibi tí abẹ́rẹ́ kò dé. Ó kà á pé ilé náà ní yàrá mẹ́fà, pé táìlì wà nílẹ̀, pé síìlìn rẹ̀ ń dán gbinrin. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ iye owó sí, kò sí nǹkan kan.

"Díákónì, elóo lẹ rà á?"

"A ó kọ ọ́ síbẹ̀ tó bá yá, mà."

Ìgbà yẹn ni inú bí i. Wọ́n ra ilé bàbá rẹ̀, wọ́n fi owó orí rẹ̀ rà á, òun ni yóò sì fọwọ́ sí i láì mọ iye. Ó gbé bíírò sílẹ̀.

"Nílé tiwa, a kì í ta nǹkan ẹbí ní bòókẹ́lẹ́. Ẹni tó rà á ni yóò dúró ní àgbàlá, tí yóò dá iye, ìyẹn ni pé yóò pe iye tó rà á sókè, tí àgbà obìnrin ilé yóò sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Bí kò bá tíì gbọ́ ọ, a ò tíì tà á. Ẹ jẹ́ ká pàdé ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yẹn dání. Bí ẹ bá ti dá iye, n ó fọwọ́ sí i níbẹ̀."

Díákónì rò ó wò, ó ní kò burú. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n kúkú ní kó sọ, wọn ò ní kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Ilé ìsinmi náà rèé: ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ níwájú nìkan, àti páànù tó ti dípẹtà. Bàbá Marufat ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri nígbà ayé rẹ̀ pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Káńsù wá lẹ ìwé tiwọn lé e: DÚKÌÁ ÌJỌBA ÌBÍLẸ̀. Ìwé náà kò gùn tó, kò bo ọ̀rọ̀ bàbá tán. Ohun tí ẹni tó ń kọjá ń kà ni DÚKÌÁ ÌJỌBA ÌBÍLẸ̀ TÍTÀ.

Bàbá Kareem, tó jẹ́ olórí ẹbí, jókòó sórí àga ní àgbàlá. Ìyá Waliyat, àbúrò bàbá Marufat, tó ń gbé inú ilé náà, jókòó sórí ẹní. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, etí rẹ̀ sì ti lọ sinmi ṣáájú alága. Israfil fara ti òpó kan, ọ̀kadà tuntun tó gùn wá, ilé kejì ló gbé e pamọ́ sí. Àwọn aládùúgbò gbọ́, wọ́n wọlé, wọ́n ní àwọn wá kí ìyá.

"Díákónì, ẹ káàbọ̀ sílé yín," ni Bàbá Kareem wí. "Ẹ dìde, kí ẹ dá iye."

Díákónì dìde. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ létí Ìyá Waliyat, ó sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́.

"Kí ló wí?" ni ìyá béèrè.

"Ẹ gbé ohùn sókè, Díákónì," ni Bàbá Kareem wí. "Gbogbo wa la nilé."

Díákónì nàró. Ó wo Israfil, Israfil wo páànù. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó wọ yàrá tó sún mọ́ ọn, ó ti ilẹ̀kùn gbọn-in.

Ẹni tó kọ ọ́ pé síìlìn ń dán kò wọ ilé náà rí, Díákónì náà kò sì wọ̀ ọ́ rí títí di ọjọ́ yẹn. Ilé àtijọ́ ni; kò ní síìlìn, kò ní àjà. Ògiri yàrá dúró lágbede méjì, kò kan òrùlé. Bí ènìyàn bá sín ní yàrá, ẹni tó wà ní àgbàlá ni yóò kí i. Fóònù Díákónì ní tirẹ̀ sì ti bàjẹ́ níbi tí wọ́n ń gbé sétí, sípíkà nìkan ló fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

"Sà, wọ́n ní kí n dá iye. Èwo ni kí n sọ? Ti inú fáìlì ni, àbí èyí tí a fún Israfil?"

Ohùn alága gba orí ògiri jáde. "Ṣé o ò gbọ́n ni? Ti Israfil ni kí o sọ."

"Sà, Ìyá Anas wà níbí. Bó bá ròyìn ìyẹn dé Takie, tí àwọn ọ́dítọ̀ wá ka ti fáìlì ńkọ́?"

"Sọ ti fáìlì nígbà náà."

"Tí mo bá sọ ti fáìlì, sà, ẹbí á gbá Israfil mú pé kó mú ìyókù wá. Israfil á sì dárúkọ wa."

Ní àgbàlá, gbogbo ẹni tó jókòó ti tẹ́tí sílẹ̀.

"Wá èyí tó bá wà láàárín," ni alága wí níkẹyìn, "kí o sọ ìyẹn."

Díákónì ṣílẹ̀kùn, ó jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ti ya ẹnu láti dá iye. Ó rí ojú àwọn ènìyàn, ẹ̀rín náà bá kú sí i lẹ́nu. Ìyá Waliyat nìkan ni kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fọwọ́ tọ́ Marufat lórúnkún.

"Elóo ni wọ́n pè é?"

Marufat gbẹ́nu sétí rẹ̀, ó pariwo títí àwọn tó wà ní títì fi yíjú wo ilé. "Wọn ò tíì mọ̀ ọ́n, Ìyá! Wọ́n ní àwọn ń wá èyí tó wà láàárín!"

"Láàárín kí ni?"

"Láàárín irọ́ méjì!"

Bàbá Kareem ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn aládùúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Israfil fẹ́ yọ́ jáde. Bàbá Kareem kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn kó tó ní kó jókòó, tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Díákónì yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí Marufat.

"Ìyá Anas, ẹ dákun. Ọjọ́ Ajé ti dé tán."

Marufat wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ó wù ú, kò sí ìgbà tí nǹkan wù ú tó bẹ́ẹ̀ rí. Bó bá fọwọ́ sí i, yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Ẹ máa mú un lọ," ó ní. "Bí ẹ bá rí iye, ẹ padà wá."

Ní ọjọ́ Àìkú, ó ń ti ilé ìyá ọmọ kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bẹ̀ wọ́n, ó sì ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Èébú ló ń retí. Àwọn kan bú u lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyá Tẹniọlá, tó lẹ́nu ju gbogbo wọn lọ, gbọ́ ọ tán, ó ní kó lọ sùn, ó ní ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Ní ọjọ́ Ajé, ọmọ mẹ́tàlélógún wọ aṣọ ilé lọ sí iléèwé. Ọ̀gá iléèwé to gbogbo wọn síwájú, ó gbé pàṣán dání, ó bi wọ́n pé aṣọ iléèwé wọn dà.

"Ó wà lábẹ́ àgádágodo káńsù, mà," ni Tẹniọlá wí, ọmọ ọdún méje. "Wọn ò ní ṣí i àyàfi tí wọ́n bá rántí iye tí wọ́n ra ilé."

"Ilé wo?"

"Ilé tí ẹ̀yin náà dá owó sí, mà."