Ọjọ́ Orí Táyà Bàbá Rọra

Ẹ jókòó tì mí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ fún yín bí ọkùnrin kan ṣe ka ọjọ́ orí nǹkan láti ibi tí kò yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Rọra ni wọ́n ń pè é, torí pé bí ẹni ru ẹyin ló ṣe ń wakọ̀. Ó ní mọ́tò àtijọ́ kan tó dàgbà ju àkọ́bí rẹ̀ lọ. Láràárọ̀ ló ń nù ún, á fi òróró pa táyà rẹ̀ títí á fi dúdú minimini. Nígbà tí ìròyìn dé pé ọmọbìnrin wọn ti bímọ, ó ní mọ́tò yìí ló máa gbé òun àti ìyàwó òun gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ wo ọmọ.

"Ìrìn wákàtí márùn-ún!" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o, Bàbá. Ẹ gbé e fún Alátáyà yẹ̀ wò ná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi ò wọ̀ ọ́."

Bàbá kùn títí dé ọ̀dọ̀ Alátáyà, obìnrin tó ń tún táyà ṣe ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, tí ọwọ́ rẹ̀ le bí irin, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ lọ.

"Wo eyín rẹ̀," ni Bàbá ń fọ́nnu, ó ń ti ìka bọ àárín eyín táyà. "Ó pé pérépéré. Kò ju ọdún mẹ́fà tí mo rà á ní tuntun."

"Bàbá, mọ́tò tí kì í kúrò nílé, kí ló máa jẹ eyín táyà rẹ̀?"

Alátáyà nu òróró kúrò, ó wá nọ́ńbà ìbí táyà yí ká, kò rí i. Ló bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbẹ́ inú ni wọ́n kọjú rẹ̀ sí: nọ́ńbà mẹ́ta péré.

"Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, èyí tó kẹ́yìn ni ọdún. Àmọ́ láti ọdún ẹgbẹ̀rún méjì, mẹ́rin ni wọ́n ń kọ. Bàbá, táyà yìí ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"Irọ́! Ọdún mẹ́fà ni!"

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á lẹ ń kà. Inú sítọ́ọ̀ ẹni tó tà á fún yín ló ti gbó. Ẹni tó gba ọmọ ogún ọdún sílé, ṣé á ní ìkókó lòun gbé dé ni?"

"Ṣebí rọra ni mo máa ń wà á."

"Táyà tó fẹ́ bẹ́ ò mọ ẹni tó ń rọra, Bàbá mi."

Ó tú atẹ́gùn rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Rọ́bà náà la yẹ́rẹyẹ̀rẹ bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀. Ó ti èékánná bọ ojú kan, okùn inú táyà sì yọ síta. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Táyà iwájú ni, lápá ibi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó. Lẹ́yìn náà ló fa fóònù yọ, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá, di ẹrù wa. Bọ́ọ̀sì la máa wọ̀."

"Mọ́tò ńkọ́?"

"Ó ń bẹ lọ́dọ̀ Alátáyà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa pààrọ̀, kò sì lè parí lónìí."

Nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá sáré ni ẹsẹ̀ Bàbá ń tẹ búrékì tí kò sí níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí oorun fi gbé e lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ-ọmọ ti wà lọ́wọ́ wọn.

Ìyàwó yẹn ló sọ ọ́ fún ìyá mi, ìyá mi ló sì fi lé mi lọ́wọ́.