Bí Bàbá Inúmidùn Ṣe Sáré Dé Ọ̀rẹ̀

Bàtà Zachariah ló kọ́kọ́ yanu. Wọn ò tí ì kúrò ní Òdígbó dáadáa tí àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún fi ṣí, tó wá ń pàtẹ́wọ́ lórí ọ̀dà bíi pé ìdúpẹ́ ọdún ló bá lọ. Lẹ́yìn bàtà, èémí ló kàn. Lẹ́yìn èémí, ìhà òsì.

"Bàámi, ẹ má wolẹ̀. Iwájú ni kẹ́ ẹ máa wò," Inúmidùn ọmọ rẹ̀ sọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ó ń fò síwájú bí ewúrẹ́ tó jíṣu jẹ.

"Iwájú gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Eré àánú ni. Òbí kan, ọmọ kan, láti Òdígbó dé Ọ̀rẹ̀. Owó tí wọ́n bá rí ni wọ́n máa fi ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Arárọ̀mí-Obù, kó máa gbé aláboyún jáde lọ́nà igbó. Kálukú ló wá ẹni tó máa ṣèlérí owó fún un, àdéhùn sì ni pé tọmọ-tòbí gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara wọn dé kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀.

Kò sẹ́ni tó rí ìlérí tó Zachariah. Ẹ má rò pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù o! Gbogbo ọjà kòkó ló mọ̀ ọ́n: ará Ọ̀ṣun tó ń bá olóko ṣe kòkó, ọkùnrin kúkúrú, ikùn bí àgbá, tó máa ń sinmi díẹ̀ kó tó dìde, tá á sì tún sinmi díẹ̀ tó bá dìde tán. Fàwáz tó ń ra kòkó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Zachariah? Kó sáré? Tó bá dé Ọ̀rẹ̀, èmi nìkan á san ìdajì owó kẹ̀kẹ́ yẹn!" Ni ọjà bá bú sẹ́rìn-ín, ni ìlérí bá ń rọ̀ bí òjò, ìlérí ẹni tó mọ̀ pé òun ò ní san. Zachariah náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó délé ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Torí pé nílé, Ọlọ́runbùnmi ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga, oyún oṣù méje níkùn. Èyí tó ṣáájú, ẹ̀yìn ọ̀kadà ló ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, nínú ẹrẹ̀ ọ̀nà igbó yẹn, kí wọ́n tó rí títì. Wọn kì í sọ ọ́. Aṣọ ọmọ yẹn kàn wà nísàlẹ̀ àpótí, kíká.

Fàwáz gun ọ̀kadà tẹ̀ lé wọn, ó ní owó òun lòun ń ṣọ́.

"Bàbá Inúmidùn! Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀! Ẹ̀yìn ọ̀kadà ṣófo o!"

"Fàwáz, máa tọ́jú epo ẹ. O máa fi wá owó kiri."

Ẹnu ló dá a lóhùn yẹn, ẹsẹ̀ ò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìdí òkè kan, níbi tí àwọn ìyá aláṣọ funfun láti ilé àdúrà ti ń há omi fún àwọn tó ń sáré, orúnkún Zachariah kọ̀. Ó jókòó sínú koríko. Àgbà ní orí kì í tóbi kí olórí má lè gbé e. Àwọn àgbà ò wí nǹkan kan nípa ẹsẹ̀.

Inúmidùn dúró, ó ń wò ó. Zachariah gbójú kúrò. Lọ́dún tó kọjá, ó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá níwájú ilé ìwé ọmọ yìí, làwọn ọmọ kan bá ń sín ìrìn rẹ̀ jẹ, orúnkún títẹ̀, ìgbésẹ̀ kúkúrú. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Inúmidùn tó ń tẹ̀ lé òun, tó tẹjú mọ́lẹ̀ bí ẹni tójú ń tì. Látìgbà náà, tó bá ti kù díẹ̀ kí wọ́n dé ilé ìwé, á ní kó máa lọ, òun ń bọ̀.

Inúmidùn ti sáré lọ bá àwọn ìyá aláṣọ funfun. Ìgbà tó máa padà, òun àti ìyá kan ló jọ gbé odindi àpò omi. Ó tú gèlè kékeré tó wé, ó ká a, ó fi ṣe òṣùká.

"Ta ló fẹ́ mu gbogbo èyí?"

"Mímu kọ́. Ẹ rù ú."

"Kí n rù ú? Inúmidùn, ṣé o fẹ́ sin mí síbí ni?"

"Bàámi, ẹ ò mọ̀ ọ́n sá lófìfo. Ẹrù lẹ fi ń sáré."

Wọ́n gbé e rù ú. Ọrùn Zachariah ló kọ́kọ́ dáhùn, ó nà ṣánṣán. Ikùn wọlé. Orúnkún tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ru kòkó tútù jáde nínú oko kì í dúró. Tó bá dúró, ẹrù á wúwo sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rántí. Ó ṣí, ìgbésẹ̀ kúkúrú, kíákíá, ó kọjá ẹni méjì, ó gun òkè.

Ohùn Fàwáz yí padà lẹ́yìn. "Ẹ rọra o! Ẹ tiẹ̀ sinmi díẹ̀ ná!"

Bí wọ́n ṣe wọ Ọ̀rẹ̀ nìyẹn, láàárín àwọn tó ń pe èrò Benin, tó ń pe èrò Èkó, omi lórí bàbá, ọmọ lẹ́yìn. Ọlọ́runbùnmi, tó ti wọkọ̀ ṣáájú wọn débẹ̀, dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó di ikùn mú, ẹ̀rín àti ẹkún dàpọ̀ lójú rẹ̀.

"Eré lẹ sá ni, àbí ọjà lẹ lọ ná?"

Fàwáz sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó yọ fóònù, ó mi orí, ó bi àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà ní nọ́ńbà àkáǹtì.

Zachariah sọ ẹrù kalẹ̀. "Ta ló sọ fún ẹ pé ẹrù ni mo fi ń sáré?"

"Ṣebí ẹ̀yìn yín ni mo máa ń wà, tá a bá ń toko bọ̀." Ó tẹ orúnkún, ó gbé ìgbésẹ̀ kúkúrú, kíákíá, níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n pé síbẹ̀. Ìrìn bàbá rẹ̀ ni, kò yingin. "Ibi tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò ni mo máa ń tẹ̀."

Zachariah wo ẹsẹ̀ kékeré yẹn. Ó rántí ọjọ́ iwájú ilé ìwé. Ilẹ̀ kọ́ lọmọ náà ń wò.